Físà Àbẹ̀wò Kánádà àti Ìwé Àṣẹ Iṣẹ́: Ta Ni Òfin Yọ̀ǹda Fún?

Ìbéèrè kan wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń múra àtilọ sí Kánádà: bí mo bá fi físà àbẹ̀wò wọlé, ṣé mo lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ nígbà tí mo bá débẹ̀? Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà, rárá ni. Àwọn díẹ̀ wà tí òfin yọ̀ǹda fún, a ó sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí nínú wọn, tó wá ta ilẹ̀ tàbí tó yá owó èlé nítorí pé ẹnì kan sọ fún un pé bó bá ti lè wọlé, gbogbo rẹ̀ ti bùṣe, gbèsè àti ìtìjú ló ń fowó rà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kí ẹni tó bá máa náwó lè mọ ohun tó ń náwó lé.

Ohun mẹ́ta tí a máa ń kà sí ọ̀kan

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé wọ́n ń ka físà, àṣẹ ìdúró àti àṣẹ iṣẹ́ sí ohun kan náà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Físà ni bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gbé ènìyàn dé ẹnu ibodè. Nígbà tí arìnrìn-àjò bá sọ̀ kalẹ̀ ní Toronto tàbí Calgary, òṣìṣẹ́ ibodè ló máa pinnu bóyá yóò wọlé àti iye ọjọ́ tí yóò lò.

Àṣẹ ìdúró ni iye ọjọ́ náà. Bí òṣìṣẹ́ ibodè kò bá kọ ọjọ́ kankan sílẹ̀, oṣù 6 ni òfin fún àlejò, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ tó wọlé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Físà lè wúlò fún ọdún mélòó kan, kí ẹni tó ni ín máa fi lọ kó máa fi bọ̀, síbẹ̀ oṣù 6 náà ni yóò lò nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Ẹni tó bá lo oṣù 8 láìtọrọ àfikún ọjọ́ ti kọjá ààyè rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé físà inú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kò tíì kú.

Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni ẹ̀kẹta. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan so ènìyàn mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo: orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lára rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Èkejì ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá ní in lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀gá láìsí pé wọ́n kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Àlejò tí wọ́n tẹ́ ẹní fún láti sùn, wọn kò tíì fún un nílẹ̀ láti dáko. Bẹ́ẹ̀ ni físà àbẹ̀wò rí: ó ní àyè láti wò, láti kí ará, láti sinmi, kò ní àyè láti ṣiṣẹ́ gbowó.

Ibi tí ìròyìn náà ti wá

Kì í ṣe irọ́ pátápátá ni ìròyìn pé àlejò lè gba ìwé iṣẹ́ nínú Kánádà. Òótọ́ kan wà nídìí rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Nígbà tí àrùn Kòrónà sé ọ̀nà ojú òfuurufú, ọ̀pọ̀ àlejò há sí Kánádà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan náà sì ń wá òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìjọba Kánádà gbé ètò fún ìgbà díẹ̀ kalẹ̀ pé àlejò tí àṣẹ ìdúró rẹ̀ kò tíì parí, tó sì rí ọ̀gá tó fún un níṣẹ́ lọ́nà òfin, lè kọ̀wé béèrè fún ìwé àṣẹ iṣẹ́ láìjáde kúrò nílùú. Wọ́n sún òpin ètò náà síwájú ju ìgbà kan lọ, wọ́n sì ní yóò dé oṣù Kejì ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìjọba fòpin sí i ṣáájú àkókò. Ara ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn ẹlẹ́tàn ń lo ètò náà láti tan àwọn àjèjì sínú iṣẹ́ tí wọn kò ní àṣẹ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kódà nígbà tí ètò náà wà, kì í ṣe gbogbo àlejò ló wà fún. Ó di dandan kí ọ̀gá iṣẹ́ ti wà, kí ìwé rẹ̀ sì pé. Ẹni tó kàn wọlé, tó ń wá iṣẹ́ kiri, kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń sọ nígbà náà ni pé kí ènìyàn wakọ̀ lọ sí ibodè Amẹ́ríkà, kó yí padà lójú ẹsẹ̀, kó sì gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibodè Kánádà bó ṣe ń wọlé padà. Wọ́n ti ọ̀nà yẹn náà mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi fídíò ọdún 2022 tàbí 2023 ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, òótọ́ lè wà nínú ohun tí ẹni inú fídíò náà ń sọ nípa ìgbà tirẹ̀. Òfin ìgbà yẹn kọ́ ni ìwé tiyín yóò bá pàdé.

Àwọn tó lè kọ̀wé láti inú Kánádà

Àwọn kan ṣì wà tí òfin jẹ́ kí wọ́n béèrè fún ìwé iṣẹ́ láìpadà sílé. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n ní ìdí mìíràn tó yàtọ̀ sí pé wọ́n jẹ́ àlejò. Físà àbẹ̀wò fúnra rẹ̀ kọ́ ló fún wọn láyè.

Àkọ́kọ́ ni ọkọ tàbí aya ẹni tó ní ìwé iṣẹ́ tàbí ìwé ẹ̀kọ́. Bí ìyàwó bá wá kí ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, ó lè béèrè fún ìwé iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n ti dín ọ̀nà yìí kù. Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọkọ, ó gbọ́dọ̀ máa kà fún oyè ọ̀mọ̀wé, tàbí oyè másítàsì tí yóò gba oṣù 16 ó kéré tán, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìpele gíga tàbí kó wà lára àwọn iṣẹ́ tí ìjọba tò sílẹ̀, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku oṣù 16 ó kéré tán lọ́jọ́ tí ìyàwó bá kọ̀wé. Bákan náà ló rí bó bá jẹ́ ìyàwó ló ń ṣiṣẹ́ tí ọkọ wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kejì ni ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kánádà tàbí tó ní ìwé PR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ní Kánádà títí lọ, tí ẹni náà sì ti kọ̀wé láti ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fún PR. Bí wọ́n bá ń gbé pọ̀ ní Kánádà, tí IRCC, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjèjì, sì ti jẹ́wọ́ pé ìwé náà dé ọwọ́ àwọn, ó lè béèrè fún ìwé iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀. Ìgbéyàwó tòótọ́ ni a ń sọ o. Wọn a máa yẹ àwòrán, ilé gbígbé, owó àti ọ̀rọ̀ ẹnu tọkọtaya wò, ẹni tí wọ́n bá sì rí i pé ó parọ́ lè di ẹni tí kò ní wọ Kánádà fún ọdún 5.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tó sá wá wá ààbò nítorí ewu ẹ̀mí tàbí inúnibíni nílé. Bí wọ́n bá gbà pé ẹjọ́ rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́, tó sì ti ṣe àyẹ̀wò ara, ó lè gba ìwé iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ láìsan owó. Àwọn ẹ̀jẹ́ńtì kan ń ta ọ̀nà yìí fún ẹni tí kò sí nínú ewu kankan. Ẹ má ṣe gbà. Láti ọjọ́ tí ènìyàn bá ti béèrè ààbò ni wọ́n ti ń kọ àṣẹ ìléjáde dè é sílẹ̀, tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí ẹjọ́ bá yí sí òdì. Ìtàn tí wọ́n bá hun fún ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró níwájú adájọ́ láti sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ẹni tó ní àṣẹ ìdúró pàtàkì tó wúlò fún oṣù 6 ó kéré tán. Ara àwọn tí wọ́n máa ń fún ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fi ṣòwò ẹrú.

Ẹ̀karùn-ún kan àwọn ọmọ wa tó ti gba ìwé ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà. Àdéhùn òwò wà láàárín Kánádà, Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà tó sì ní irú iṣẹ́ tí àdéhùn náà dárúkọ lè béèrè nínú Kánádà. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn náà. Nítorí náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi lè jọ wọ Toronto lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ̀gbọ́n tó fi pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà wọlé rí ìwé iṣẹ́ gbà, kí àbúrò tó fi ti Nàìjíríà wọlé má rí i.

Bí ọ̀nà tó tọ́ ṣe ń lọ

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn yòókù, láti òde Kánádà ni wọn yóò ti béèrè, ọ̀dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní LMIA lọ́wọ́ ìjọba. Ìwé yìí ló ń jẹ́rìí pé ó ti polówó iṣẹ́ náà, kò rí ọmọ Kánádà tàbí ẹni tó ní PR tó lè ṣe é, àti pé gbígba àjèjì kò ní ba ọjà iṣẹ́ jẹ́. Dọ́là Kánádà 1,000 ni ọ̀gá ń san lórí ipò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, òfin sì sọ pé kò gbọdọ̀ gba owó náà padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ di gbólóhùn yìí mú dáadáa. Ẹni tó bá ní kí ẹ san mílíọ̀nù náírà fún LMIA ti ní kí ẹ ṣe ohun tí òfin kọ̀.

LMIA náà ti ṣòro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba kò gba ìwé LMIA fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ olówó kékeré wọlé mọ́ ní àwọn ìlú ńlá tí àìríṣẹ́ṣe bá ti dé ìdá 6 nínú 100 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi àwọn iṣẹ́ kan bí iṣẹ́ oko, ìlera àti ilé kíkọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n tún yọ máàkì tí ènìyàn ń rí gbà nítorí pé ọ̀gá kan ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un kúrò nínú ètò PR tí wọ́n ń pè ní Express Entry, kí títà LMIA lábẹ́lẹ̀ lè dínkù.

Bí ọ̀gá bá ti rí ìwé náà gbà, òṣìṣẹ́ yóò kọ̀wé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dọ́là 155 ni owó ìwé àṣẹ iṣẹ́, ẹni tó ń béèrè fún èyí tó ṣí sílẹ̀ sì máa ń fi dọ́là 100 kún un. Dọ́là 85 ni owó ìka títẹ̀ àti àwòrán, tí wọ́n ń ṣe ní ibùdó físà ní Èkó tàbí Àbújá. Ẹni tó ti tẹka nítorí físà àbẹ̀wò kò ní láti tún un tẹ̀ títí ọdún 10 yóò fi pé.

Físà àbẹ̀wò kò di ènìyàn lọ́wọ́ nínú ètò yìí. Ẹni tó wà ní Kánádà bí àlejò lè wá iṣẹ́, ó lè lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìwé tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bó bá rí ọ̀gá, kó padà sílé, kó kọ̀wé, kó sì fi ìwé tuntun wọlé.

Ohun tí òfin kò kà sí iṣẹ́

Iṣẹ́ lójú òfin Kánádà ni ohunkóhun tí wọ́n ń san owó ọ̀yà tàbí kọmíṣọ̀nnù lé lórí, tàbí tó ń bá àwọn ará ìlú du iṣẹ́ tààrà. Láti inú ìtumọ̀ yìí la ti lè mọ ohun tí àlejò lè ṣe.

Ìyá tó wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, tó ń sebẹ̀, tó ń gbé ọmọ pọ̀n, tí kò gbowó, kò ṣe iṣẹ́ lójú òfin. Ìlànà tí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dárúkọ ìyá tó ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ tọ́jú ọmọ bí àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá wá ń bá àwọn aládùúgbò tọ́jú ọmọ, tí wọ́n ń fún un lówó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó ti di iṣẹ́. Bákan náà ni fún òbí tó bá lo súpà físà, èyí tó ń jẹ́ kí òbí àti òbí-àgbà dúró tó ọdún 5 lẹ́ẹ̀kan náà: kò ní àṣẹ iṣẹ́ nínú.

Pásítọ̀ tàbí àlùfáà tí ojúlówó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwàásù àti dídarí ìjọsìn wà lára àwọn tí òfin jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn láìgba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Olórin tó wá ṣeré fún ìgbà díẹ̀ lè wà níbẹ̀ náà, bí kò bá ti di òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà. Àwọn méjèèjì ṣì nílò físà láti wọlé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Oníṣòwò tó wá ṣe ìpàdé tàbí wá ra ọjà kò nílò ìwé iṣẹ́. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní Èkó náà lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tó wà lálejò, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá wà lóde Kánádà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀

Àwọn kan a máa sọ pé kí ènìyàn ṣáà máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lọ́wọ́: irun dídì, ilé títún ṣe, ẹrù gbígbé ní ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níwájú ẹni bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọjọ́ 3 tí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ béèrè nọ́ńbà SIN, tí ìjọba fi ń mọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àlejò tí kò ní àṣẹ iṣẹ́ kò lè rí i gbà. Bó bá yá nọ́ńbà ẹlòmíràn lò, ọ̀ràn mìíràn ló tún dá. Bí àṣírí bá tú, wọ́n lè lé e jáde, kó sì di ẹni tí kò gbọdọ̀ padà fún ọdún 1. Òfin tún sọ pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ láìní àṣẹ kì í sábà rí ìwé iṣẹ́ gbà àfi lẹ́yìn oṣù 6 tó ti dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró. Bó bá fi í pa mọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ọdún 5 ni ti irọ́. Ọ̀gá náà kò ní lọ lásán: ìtanràn rẹ̀ lè tó dọ́là 50,000, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 2. Nítorí náà ni irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kì í fi fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀, tó sì rọrùn fún un láti jẹ owó òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rù kò ní jẹ́ kó lè fẹjọ́ sùn.

Bí ọjọ́ bá ń tán lọ

Àlejò tó fẹ́ dúró sí i gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè àfikún kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bó bá kọ̀wé lásìkò, ó lè dúró títí èsì yóò fi dé, bí àlejò náà ni, láìṣiṣẹ́. Bí ọjọ́ bá ti kọjá lára rẹ̀, ó ní ọjọ́ 90 láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá àṣẹ ìdúró rẹ̀ padà. Ọjọ́ 90 yìí jẹ́ ti ẹ̀bẹ̀, wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó ń gbowó láti gbani nímọ̀ràn lórí ìwé Kánádà gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà tó forúkọ sílẹ̀ ní Kánádà, tàbí agbani-nímọ̀ràn tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí òfin dá sílẹ̀ fún un, College of Immigration and Citizenship Consultants. Quebec náà ní àwọn nótárì tirẹ̀ tó lè ṣe é. Orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti wò, ọ̀fẹ́ ni. Bí orúkọ ẹ̀jẹ́ńtì yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó ní ìwé tó ń bá ṣiṣẹ́, kí ẹ sì yẹ orúkọ yẹn wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá iṣẹ́ náà ńkọ́, ibo sì ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà? Ta ló san owó LMIA? Èwo nínú àwọn ọ̀nà tí òfin ṣí sílẹ̀ ni ìwé tèmi yóò gbà? Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn wọn láìjanpata. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ju "ẹ ṣáà wọlé ná" lọ, ẹ mú owó yín padà sílé. Òfin Kánádà ń yí padà léraléra, nítorí náà ẹ yẹ ojú ìwé IRCC wò fúnra yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ tàbí àbúrò tó lè kà á bá yín wò ó. Ìlọsíwájú tí a ń wá lókè òkun tọ́ sí wa, ó sì dára kó jẹ́ ìwé tó lórúkọ wa, tó sì sọ iṣẹ́ wa ní gbangba, la ó fi wá a.